Ibi tí àwọn ọkọ̀ òfurufú abàmì kó sí ní Dayton: ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ wọ bàtà tó rọ̀

Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni mò ń ṣe jẹun, nítorí náà kì í ṣe bí ọkọ̀ ṣe ń dán ni mo máa ń wò, abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń yọjú sí. Bí ẹ bá jẹ́ irú mi, ẹ wá àyè lọ sí National Museum of the United States Air Force ní Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọlé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń páàkì. Ilé ńláńlá mẹ́rin ni, ọkọ̀ òfurufú sì kún inú wọn fọ́fọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi gbogbo agbára wọn tán sídìí àwọn ọkọ̀ ogun tí wọ́n ti mọ̀ lórúkọ. Èmi kò dúró. Ilé kẹrin, tí wọ́n ṣí ní 2016, ni mo forí lé, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ìdánwò wà, àwọn tí wọ́n ṣe ẹyọ kan tàbí méjì péré tí wọn kò sì ṣe mìíràn mọ́.

Avrocar ni mo kọ́kọ́ bá. Ó rí roboto bí àwo, ẹsẹ̀ bàtà 18 láti etí kan dé ìkejì, fáànù ńlá kan sì wà láàárín rẹ̀ gangan. Ilé iṣẹ́ Avro Canada ló kọ́ ọ, Jack Frost ló ronú rẹ̀, àwọn ológun Amẹ́ríkà ló sanwó. Ẹ́ńjìnnì kékeré mẹ́ta ló ń fi èéfín gbígbóná yí fáànù náà. Fáànù á fa atẹ́gùn láti òkè, á sì tì í jáde ní etí ọkọ̀ yíká. Ìlérí wọn ni pé yóò gbéra lójú kan láìsáré lórí ilẹ̀, yóò sì sá tó 300 máìlì láàárín wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, kò tíì kọjá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sókè tó ti ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, eré rẹ̀ kò sì ju 35 máìlì lọ. Bó bá wà nítòsí ilẹ̀, atẹ́gùn tó ń tú jáde máa ń gbé e ró. Bó bá ti gòkè díẹ̀, kò sí ohun tó dì í mú mọ́. Wọ́n pa á tì ní oṣù Kejìlá 1961. Ẹ wo ibi tí awakọ̀ ń jókòó dáadáa: méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, fáànù àti ẹ́ńjìnnì wà láàárín wọn. Ọmọ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé ibo ni iwájú ọkọ̀ yìí wà. Ìyá rẹ̀ wo èmi, èmi náà wo òkè.

Ṣùgbọ́n XF-85 Goblin, ọkọ̀ ìjà kékeré kan, ló gba ọkàn mi. Ìṣòro tí wọ́n fẹ́ fi yanjú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọkọ̀ ajubọ́ǹbù B-36 (òun náà wà nínú mùsíọ́ọ̀mù yìí, ẹ ó rí bó ṣe tóbi) máa ń rìn jìnnà débi pé ọkọ̀ ìjà tí ì bá máa ṣọ́ ọ kò ní lè bá a dé ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ McDonnell wá ní kí B-36 gbé ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ sínú ikùn. Ìdí nìyẹn tí Goblin kò fi gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 15, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń ká, tí kò sì ní táyà kankan. Wọ́n máa sọ ọ́ kalẹ̀ lókè, yóò jà, yóò sì padà wá fi ìkọ́ imú rẹ̀ há mọ́ ọ̀pá tí ìyá rẹ̀ nà sísàlẹ̀, kí wọ́n lè fà á wọlé.

Mo pẹ́ níwájú ìkọ́ yẹn. Iwájú gíláàsì awakọ̀ ló ti yọ jáde, ihò ńlá tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo yí lọ sí ìdí, mo rí bí wọ́n ṣe gé ìrù rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ nítorí pé ìrù kan tó ga kò ní gba inú ikùn B-36. Gbogbo ibi tí èèyàn bá wò lára rẹ̀ ni wọ́n ti há nǹkan mọ́ nǹkan. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú yín.

Ní oṣù Kẹjọ 1948, awakọ̀ ìdánwò Edwin Schoch gbé e já bọ́ láti abẹ́ ọkọ̀ ajubọ́ǹbù B-29 kan tí wọ́n fi rọ́pò B-36, lókè Muroc ní California. Jíjá bọ́ kò ní wàhálà. Fífò náà kò burú. Àtipadà ló di ogun. Atẹ́gùn tó ń rú lábẹ́ ọkọ̀ ńlá ń ti ọmọ náà káàkiri. Schoch forí sọ ọ̀pá náà, gíláàsì fọ́, akoto àti ìbòmú já kúrò lójú rẹ̀, ó sì fi àyà ọkọ̀ gúnlẹ̀ sórí adágún gbígbẹ. Nínú ìgbà méje tí wọ́n fò ó, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ló rí ìkọ́ há. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ dunjú nìyẹn o. Ta ni yóò ti ojú ogun bọ̀, tó ti rẹ̀, tí epo ti ń tán, tí yóò wá máa wá ọ̀pá kọ́ ara rẹ̀ mọ́? Ní 1949 wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró. Bíbu epo fún ọkọ̀ lójú òfurufú ti ń gbilẹ̀ nígbà yẹn, ọ̀nà tó rọrùn jù sì nìyẹn.

Ti XF-84H ni kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì gbọ́. Ilé iṣẹ́ Republic mú ọkọ̀ ìjà, wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ sí imú rẹ̀, etí abẹ̀bẹ̀ náà sì ń sáré ju bí ìró ṣe ń rìn lọ, kódà bí ọkọ̀ bá dúró sórí ilẹ̀. Ariwo rẹ̀ ń mú kí inú máa rú àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ìgbà 12 ni wọ́n fi í dánwò lókè. Awakọ̀ ìdánwò Lin Hendrix fò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun kò fò ó mọ́. Nínú mùsíọ́ọ̀mù ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó lẹ́wà pàápàá. Ẹ má gbà á gbọ́.

Tacit Blue ti ilé iṣẹ́ Northrop ló burẹ́wà jù nínú gbogbo wọn, òun náà ló sì ṣiṣẹ́ jù. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ lè gbé rédà ńlá (ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà lókèèrè) súnmọ́ ojú ogun kí rédà ọ̀tá má sì rí i. Láti 1982 sí 1985 ó fò ní ìgbà 135, wọ́n sì fi í pa mọ́ títí di 1996. X-29 tí ìyẹ́ rẹ̀ kọjú síwájú náà wà níbẹ̀, ẹ yà á wò. Bó bá jẹ́ irin ni wọ́n fi ṣe ìyẹ́ yẹn, afẹ́fẹ́ ì bá lọ́ ọ títí yóò fi ṣẹ́, àfi bí irin náà bá nípọn tó wúwo kọjá ààlà.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í. Ẹ má kó ọmọ kékeré lọ lọ́sàn-án gangan, ìrìn ibẹ̀ pọ̀. Bó bá sì jẹ́ wákàtí kan péré lẹ ní, ẹ má dàmú nítorí XB-70 ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́fà, ó tóbi débi pé ẹ ó rí i láìwá a. Goblin ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀, torí èèyàn lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó rò pé nǹkan ìṣeré ọmọdé ni.