Redbubble, Merch on Demand, Printful àti Printify: èwo ló yẹ ẹni tó fẹ́ máa ta àwòrán lórí T-shirt?

Lórí ìkànnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, wọn kì í tẹ ẹ̀wù sílẹ̀ de oníbàárà. Ó di ìgbà tí ẹnìkan bá sanwó kí wọ́n tó tẹ àwòrán yín sórí ẹyọ ẹ̀wù kan, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí i. Ibi tí wọ́n ti jọra kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Kí ẹ tó wo iye owó rárá, ìbéèrè kan ló yẹ kí ẹ dáhùn: ta ni yóò máa wá oníbàárà, ṣé ẹ̀yin ni àbí ìkànnì náà?

Redbubble, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Melbourne ní ọdún 2006, àti Merch on Demand ti Amazon, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, jẹ́ ọjà tí èrò ti wà nínú rẹ̀. Ẹ ó gbé àwòrán síbẹ̀, ẹ ó kọ àkọlé àti àwọn ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fi wá a rí, ìkànnì yóò sì ṣe ìyókù: òun ni yóò gba owó, òun ni yóò tẹ ẹ̀wù, òun náà ni yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ẹ̀wù kò bá bá mu. Àmọ́ oníbàárà yẹn kì í ṣe tiyín, ẹ kò sì lè kọ̀wé sí i nígbà tí àwòrán tuntun bá dé. Ìlẹ̀kùn Redbubble ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n láti ọdún 2023 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó àkáǹtì lára èrè àwọn kan, nítorí náà ẹ ka ìlànà owó rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó ṣírò èrè. Ní ti Amazon, ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè, kí wọ́n sì gbà yín. Ìwọ̀nba àwòrán ni wọn yóò jẹ́ kí ẹni tuntun gbé sórí rẹ̀, bí ọjà bá sì ṣe ń tà ni àyè ń fẹ̀ sí i.

Printful àti Printify kì í ṣe ọjà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí ẹ fúnra yín bá ṣí sórí Etsy tàbí Shopify, ìyẹn àwọn ìkànnì tí èèyàn ti lè ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n máa ń wà. Oníbàárà yóò sanwó fún yín, ilé iṣẹ́ náà yóò sì gba owó ẹ̀wù àti ti ìfiránṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ká ní ẹ ta ẹ̀wù kan ní dọ́là 25, tí ẹ̀wù àti títẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 13, tí ìfiránṣẹ́ jẹ́ 5, dọ́là 7 ló kù, ṣọ́ọ̀bù yóò sì tún yọ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Printful ní ilé ìtẹ̀wù tirẹ̀, èyí ló sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ máa dọ́gba. Ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wù mìíràn ni Printify ń gbé iṣẹ́ lọ, ẹ̀yin lẹ ó sì mú èyí tó wù yín nínú wọn. Owó rẹ̀ sábà máa ń dínkù, ṣùgbọ́n atẹ̀wù méjì lè tẹ àwòrán kan náà kí pupa rẹ̀ má bára mu. Ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ méjèèjì kéde pé àwọn ń dara pọ̀, síbẹ̀ ìyàtọ̀ yìí ṣì ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń yàn.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ́kọ́ ra ẹyọ kan fún ara yín, ó sì sàn kó jẹ́ dúdú. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ tẹ àwòrán sórí ẹ̀wù dúdú, tàdáwà funfun ni yóò kọ́kọ́ tẹ́ sábẹ́ kí àwọ̀ yòókù tó gun orí rẹ̀. Bí etí àwòrán bá ń ṣá díẹ̀díẹ̀ dé ibi tí kò ti sí nǹkan mọ́, bí èéfín tàbí òjìji, funfun yẹn yóò yọ jáde yí i ká, bẹ́ẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kò ní fi í hàn yín. Ẹ jẹ́ kí etí àwòrán yín gé ṣáká. Faili PNG tí kò ní àwọ̀ kankan lẹ́yìn àwòrán, tó fẹ̀ tó 4500 pixel (àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán), tó sì ga tó 5400, ni Amazon ń béèrè, ó sì dára kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n níbi gbogbo. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ẹ̀wù náà sí òdì, kí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí ẹ sì wò ó bóyá àwòrán náà ń sán.

Ní tèmi, ẹni tí kò tíì ní olólùfẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó bẹ̀rẹ̀ lórí Redbubble, kó sì máa dúró de èsì Amazon. Ẹni tí èèyàn ti ń tẹ̀ lé, Printful ni mo fọwọ́ sí fún un, nítorí orúkọ rẹ̀ ni oníbàárà yóò bú bí ẹ̀wù bá bàjẹ́. Printify wà fún ẹni tó ní sùúrù láti dán atẹ̀wù bíi mélòó kan wò. Ẹ má ṣe gbé àmì ilé iṣẹ́ tàbí àwòrán oníǹkan sórí èyíkéyìí nínú wọn, torí wọ́n lè ti àkáǹtì yín pa. Àwòrán tó bá jẹ́ tiyín, ẹ lè gbé e sórí ju ìkànnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fi oṣù díẹ̀ wo ibi tó ti ń tà.