Aládìrẹ Ìtòkú tí mo gbé sórí status mi
Kò sẹ́ni tó sanwó ìpolówó fún mi o. Yáàdì márùn-ún àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo rà lọ́wọ́ ìyá kan lọ́jà Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ya ọnà ara rẹ̀, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n sì fi ṣe gègé. Kì í ṣe ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Àmọ́ ó tú aró nígbà tí mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ó ba búláòsì funfun mi jẹ́. Mo sọ ìyẹn náà nínú fídíò tí mo gbé sórí WhatsApp. Mo rò pé inú á bí ìyá aládìrẹ náà. Rárá! Àwọn fúnra wọn ni wọ́n pè mí: "Ọmọ mi, omi tútù àti iyọ̀ ni kóo fi fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀." Láti ìgbà náà, oníbàárà wọn tó bá ń wá aránṣọ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń darí ẹ̀ sí.