Fínígà ápù tí mo rà nítorí ọkàn mi

Ẹni tó tà á fún mi ní, "Màmá, ẹ máa mu ṣíbí méjì láàárọ̀, ẹ ò ní lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́." Mo délé, mo mi ìgò náà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rúsúrúsú kan dìde nísàlẹ̀. Kò bàjẹ́ o, ìyá fínígà nìyẹn, ìyẹn àwọn bakitéríà tó ń sọ oje ápù di kíkan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbé e mì láìbu omi là á. Ọ̀fun mi gbóná bí ẹni gbé ẹyin iná mì, eyín mi sì kan títí di ọ̀sán. Ásíìdì inú rẹ̀ tó bí ìdá 5 nínú 100, ó sì ń jẹ eyín.

Oṣù méjì ni mo fi ń bu ṣíbí kan sínú kọ́ọ̀bù omi. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi kà 148 lórí 92 kí n tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, 146 lórí 92. (Mi ò dá oògùn mi dúró, orí ló yọ mí.) Nọ́ọ̀sì ní fínígà lè dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kù díẹ̀, àmọ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ara eku ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú ẹ̀rí rẹ̀. Ó ní kí èmi tí mò ń lo oògùn tó ń múni tọ̀ ṣọ́ra, kí òun àti fínígà má pa pọ̀ mú potasíọ̀mù, èròjà kan tí ọkàn nílò, lọ sílẹ̀ jù lára mi.

Èyí tó kù, orí sàláàdì ni mo ń dà á sí. Ibẹ̀ ló ti dùn.