Kíláàsì àwòrán tí mo lọ ní Ado: mo sanwó, mo sunkún, ẹ̀yìn tún dùn mí

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó gbàgbé, ìjókòó wọn ò dáa rárá. Àpótí onígi ni wọ́n kó síbẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń dín àkàrà máa ń jókòó lé, wákàtí mẹ́ta gbáko la sì lò lórí ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ajílósùn ni, ní Ado-Èkìtì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, mi ò ní dárúkọ wọn torí ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò pọ̀ díẹ̀. N7,500 lowó ẹ̀, wọ́n á fún ẹ ní káńfáásì kékeré kan, bọ́rọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, pẹ́ńtì, àti zobo tútù (zobo yẹn dùn ṣá, mi ò ní parọ́). Àbúrò mi ló fi ìpolówó ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, "àwòrán àti ìlera obìnrin", mo ní kí ló kàn mí níbẹ̀, aṣọ ni mò ń tà, ó ní àǹtí mi ẹ ṣáà lọ, ọ̀rọ̀ fáíbírọ́ìdì yẹn (kókó tó ń hù nínú ilé ọmọ) ti pẹ́ jù lọ́kàn yín. Mo bá lọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé arábìnrin tó ń kọ́ wa ò kọ́kọ́ gbé bọ́rọ́ọ̀ṣì lé wa lọ́wọ́. Ó ta aṣọ funfun mọ́ ògiri ó ń fi àwòrán hàn wá lára ẹ̀. Frida Kahlo ará Mẹ́síkò ló fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó yà ní 1932 lẹ́yìn tí oyún bà jẹ́ lára ẹ̀ ní ọsibítù kan ní Detroit, òun fúnra ẹ̀ níhòòhò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó wá di okùn pupa mẹ́fà mú, ọmọ tí ò dúró yẹn wà lẹ́nu ọ̀kan, ìgbín wà lẹ́nu òmíràn. Ìgbín kẹ̀! Wọ́n ní torí bí oyún yẹn ṣe falẹ̀ kó tó bà jẹ́ tán ni. Lọ́dọ̀ tiwa ẹ̀rọ̀ là ń pe ìgbín, ẹ wò ó.

Wangechi Mutu ló wá tẹ̀ lé e, ọmọ Kẹ́ńyà, Nairobi ni wọ́n bí i sí ní 1972. Èyí ló mú mi jù. Ó mú ojú ìwé ìṣègùn ayé àtijọ́ tí wọ́n ya àìsàn ilé ọmọ sí, ó gé ojú, ó gé ètè látinú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn títí àìsàn yẹn fi di ojú obìnrin tó ń wò ẹ́ kòrókòró, méjìlá ló ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wò ó mo rántí ọjọ́ tí wọ́n ṣe skáànù fún mi ní 2019, dókítà ń fi bírò tọ́ka sí ara mi lójú ẹ̀rọ, ọkọ mi ló ń bá sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹni pé ilé ọmọ yẹn fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ ọsibítù ni. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi o.

Ó tún fi fọ́tò Jo Spence hàn wá, ará England, ní 1982 kí wọ́n tó gé jẹjẹrẹ kúrò lọ́yàn ẹ̀, ó kọ ọ́ sórí ọyàn náà pé ti Jo Spence ni, ó wá fi àmì ìbéèrè sí i. Ìyá kan tó wá láti Ìkẹ́rẹ́ ní kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fóun, wọ́n túmọ̀ ẹ̀, Ìyá ní "hẹn, ti ta ni kó wá jẹ́?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni Ìyá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé "ulé ọmọ" òun ti ń sọ̀ kalẹ̀ látìgbà tóun ti bí àbígbẹ̀yìn, òun ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Olùkọ́ wa ní kí Ìyá lọ rí dókítà, pé wọ́n máa ń tọ́jú ẹ̀. Ẹnìkan tún sọ tiẹ̀. N7,500 mi ti pé níbẹ̀ yẹn.

Àmọ́ mo bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ kan. Èkìtì la wà, kò sí Èkìtì kankan lára ògiri! Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gi, ará Ìsẹ̀, tó kú ní nǹkan bí 1938, tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, tó wà ní British Museum ní London báyìí, ṣé kì í ṣe obìnrin ló gbẹ́ sẹ́yìn ọba níbẹ̀ ni? Àwọn Ẹpa wa, agọ̀ onígi tí wọ́n ń gbé sórí jó, tí ìyá ọlọ́mọ yọyọ ń jókòó lórí wọn ńkọ́? Arábìnrin yẹn ní ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ ìlera. Inú bí mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ó fẹ́ẹ̀ jàre mi. Gbogbo èyí tí mo ti rí, ọyàn wọn kún, wọ́n kúnlẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin ló sì ń gbẹ́ wọn. Ẹni tí ò bí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò dá, mi ò rí igi tí wọ́n gbẹ́ tiwọn sí. Kó ṣáà sọ ìyẹn fún wa ní kíláàsì, á ti wúlò ju kó yọ Èkìtì sílẹ̀ lọ.

Ẹjọ́ tó kù: iná lọ, wọ́n ní ká dá N500 N500 fún epo jẹnẹrétọ̀, kí lowó tá a san tẹ́lẹ̀ wà fún? Pẹ́ńtì pupa tún tán kó tó kàn mí. Kíláàsì ọ̀rọ̀ obìnrin, pupa ló tán!

Àwọ̀ ọsàn ló kù nílẹ̀, òun náà ni mo lò. Dókítà ti sọ fún ọkọ mi nígbà yẹn pé àwọn fáíbírọ́ìdì yẹn tó àgbálùmọ̀, pé mẹ́rin ni wọ́n, ni mo bá ya àgbálùmọ̀ mẹ́rin sínú igbá, mo fi ojú sí ọ̀kan bíi ti Mutu. Mo gbé e kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kọ́sítọ́mà ń bi mí báyìí bóyá mo ti ń ta àgbálùmọ̀ mọ́ aṣọ, ẹni tó bá wù mí ni mò ń sọ nǹkan tó jẹ́ fún.

Màá padà lọ lóṣù tó ń bọ̀, èmi àti tìmùtìmù mi.