Ìkìlọ̀ o: ẹ ṣọ́ra fún bọ̀dá tó ń ta wọ́kì-tọ́kì "open" ní Ìjẹ̀bú Òde àti Ṣágámù

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra wọ́kì-tọ́kì lásìkò yìí, yálà fún rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín nítorí Ojúde Ọba ni o, tàbí fún àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò, tàbí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí amateur radio (rédíò táwọn èèyàn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ torí ìfẹ́, kì í ṣe torí owó), ẹ dákun ẹ má tíì tú owó sílẹ̀ fún bọ̀dá kan tó ń lọ tó ń bọ̀ láàrin Ìjẹ̀bú Òde àti Ṣágámù pé òun ní rédíò tí wọ́n ti "ṣí". Ó ní gbogbo fíríkúẹ́ńsì, ìyẹn ojú ọ̀nà orí afẹ́fẹ́ tí rédíò ń gbà sọ̀rọ̀, ló ti open nínú ẹ̀, ó ní ẹ lè dúró ní Ìtòrò kẹ́ ẹ máa bá ẹni tó wà l'Ékòó sọ̀rọ̀ láìlo káàdì láìlo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Irọ́ ni. Gbájúẹ̀ ni. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣì wà níwájú àwọn àgbà ọjà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe ń ṣe é, kó lè jẹ́ pé bó bá tiẹ̀ pa orúkọ dà lọ́la ẹ ó ṣì dá a mọ̀.

Ṣé ẹ rí ṣíṣí tó ń wí yẹn, kì í ṣe pé kò sí o, ibẹ̀ gan-an ló ti ń rí àwọn èèyàn mú. Ní apá ayé tiwa, àyè tí wọ́n fún àwọn onírédíò amateur ni 144 sí 146 MHz àti 430 sí 440 MHz (MHz ni wọ́n fi ń ka fíríkúẹ́ńsì). Iléeṣẹ́ tó ṣe rédíò náà lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kó má lè sọ̀rọ̀ kọjá ibẹ̀, bó tiẹ̀ ń gbọ́ fíríkúẹ́ńsì tó kọjá ibẹ̀. Nínú àwọn rédíò Jàpáànì, wọ́n á tú u, wọ́n á yọ resistor kan (ẹ̀yà iná kékeré kan) lórí bọ́ọ̀dù, tó kéré débi pé tweezers ni wọ́n fi ń mú un, tàbí kí wọ́n fi òjé so ojú méjì pọ̀, wọ́n á wá reset ẹ̀, gbogbo ìkànnì tẹ́ ẹ ti tọ́jú sínú ẹ̀ á sì parẹ́. Àwọn ti Ṣáínà òde òní ò tiẹ̀ nílò títú. Baofeng UV-5R, CHIRP ni wọ́n ń lò fún un, sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà àti wáyà programming ti tó. Quansheng UV-K5 náà, firmware (sọ́fúwíà tó ń darí rédíò látinú) tí àwọn onímọ̀ kọ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ lòun náà. Nǹkan ọ̀fẹ́ yìí ni bọ̀dá yẹn ń gbowó gọbọi lé lórí, owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ra rédíò tuntun mìíràn.

Tí síkírínì bá wá gbé 220 tàbí 300 jáde, kì í ṣe pé rédíò ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn. Kéèyàn kọ gaàrí Ìjẹ̀bú sára àpò, ìyẹn ò ní kí gaàrí tó wà nínú ẹ̀ kan. Lẹ́yìn transistor tó ń ti agbára lọ sí áńtẹ́nà, àwọn filter (ẹ̀yà tó dà bí asẹ́) wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe fún báńdì, ìyẹn àyè fíríkúẹ́ńsì, tí iléeṣẹ́ ní lọ́kàn nìkan, tẹ́ ẹ bá gbé e kọjá ibẹ̀ filter á gbé agbára yẹn mì, wọ́ọ̀tì 5 tẹ́ ẹ gbójú lé á di nǹkan tí ò tó nǹkan, ara rédíò á wá máa gbóná. Ìgbà mìíràn ìdọ̀tí á bá a jáde, ẹ ó máa sọ̀rọ̀ lójú kan, á máa dá wàhálà sílẹ̀ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta fíríkúẹ́ńsì yẹn níbi tẹ́ ẹ ò mọ̀ rárá.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tó fi ń gba owó. Ó máa tan Baofeng níwájú yín, ó máa tẹ bọ́tìnì kan, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó á ní "ẹ gbọ́, ó ti gbé FM, ẹ rí i pé mo ti ṣí i". FM yẹn wà nínú UV-5R látọwọ́ iléeṣẹ́! 65 sí 108 MHz, gbígbọ́ nìkan, ẹnikẹ́ni ò ṣí nǹkan kan. Gbígbọ́ lọ́tọ̀, sísọ lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kó sọ̀rọ̀ lórí èyí kí èkejì gbọ́, á ní bátìrì èkejì ti kú, tàbí pé ọmọ òun ń gbé e bọ̀ láti garage, kẹ́ ẹ ṣáà kọ́kọ́ ṣe transfer ná.

Màmá kan ládùúgbò wa tó ra méjì fún àwọn ọlọ́dẹ gbé wọn wá bá mi. Orí síkúrúù ẹ̀yìn wọn ti ṣá, ẹ ti mọ̀ pé ọwọ́ ti kan ibẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, ojú bọ́ọ̀dù ti dúdú níbi tí bọ̀dá yẹn ti tẹ áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ òjé mọ́ ọn, òjé ti ṣàn kan ẹsẹ̀ chip tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bàbà tó yẹ kí resistor jókòó lé ti ṣí kúrò nílẹ̀, ó wá fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ PTT, ìyẹn bọ́tìnì téèyàn ń tẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, iná pupa á tàn dáadáa, ẹ ó rò pé ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n rédíò tèmi tó wà lórí ìkànnì kan náà ò gbọ́ nǹkan kan, abẹ́rẹ́ wọ́ọ̀tì mítà tí mo fi ń wọn agbára tó ń jáde kàn gbọ̀n díẹ̀ ló bá dúró. Ní 145 MHz ni o, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án! Owó àdúgbò ni màmá yẹn ná, inú bí mi gan-an.

Ọ̀rọ̀ pé ó máa dé Èkó, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ṣíṣí fíríkúẹ́ńsì ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú jíjìnnà. Ẹni méjì tó dúró nílẹ̀ pẹrẹsẹ pẹ̀lú rédíò lọ́wọ́, bí wọ́n bá fi nǹkan bíi kìlómítà 10 jìnnà síra, ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bò wọ́n lójú, ká tó sọ ti ilé àti igbó. Láàrin ìlú ó kéré sí bẹ́ẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó jìnnà, repeater tó wà lókè (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn yín tó sì ń tún un gbé jáde) ni, tàbí kẹ́ ẹ gbé áńtẹ́nà gidi sókè ilé.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé. Pápákọ̀ òfurufú Gateway wà láàrin Ìpẹ̀rù àti Ìlíṣàn níbí. 118 sí 137 MHz ni àwọn awakọ̀ òfurufú àti àwọn tó ń darí wọn nílẹ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, 121.5 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìgbà ewu, bọ̀dá yìí ṣì ń polówó fún àwọn ọmọ kéékèèké pé rédíò òun "ń wọ pápákọ̀". Ọmọ tó bá tẹ PTT níbẹ̀ lè bo ohùn ẹni tó ń gbé èrò balẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá wá a dé ilé, ẹni tí rédíò wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n máa mú, kì í ṣe ẹni tó tà á. NCC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ló ń bójú tó fíríkúẹ́ńsì nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ ṣe amateur, kó gba láísẹ́ǹsì àti orúkọ orí afẹ́fẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ẹ sì mọ̀ pé láísẹ́ǹsì amateur kì í ṣe fún iṣẹ́ ajé tàbí iṣẹ́ sìkíọ́rítì.

Tẹ́ ẹ bá máa rà, kó gbé méjì wá, kẹ́nì kan mú ọ̀kan lọ sí ìkángun àdúgbò, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ síra yín fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá ó ti ń jó yín lọ́wọ́, kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí ò bá gbà, ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà, ẹ yọ bátìrì, ẹ má tẹ PTT mọ́ títí ẹni tó mọṣẹ́ á fi tú u wò. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan ló fi ṣe é, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè dá a padà sí báńdì tiẹ̀. Tó bá jẹ́ áyọ́ọ̀nù, ẹ fi fóònù ya inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án, ẹ tọ́jú àláàtì bánkì àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ lórí WhatsApp, ohun tí àwọn àgbà ọjà ní àwọn fẹ́ rí nìyẹn kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é.