Gyro onískúrù àti gyro olójú: èwo ni ká rà sínú ọkọ̀ drift?

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tí fídíò ọkọ̀ eré onírìmóòtù mi tó ń sáré níbùú, èyí tí wọ́n ń pè ní drift, ti ń káàkiri, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbà láti Ìsánlú, láti Mọ̀pà, àti lọ́wọ́ àbúrò kan tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní Lọ́kọ́jà: "Bọ̀dá, gyro wo ni kí n rà?" Gyro ni ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ̀ bí ọkọ̀ bá ń yí, tó sì ń bá yín tún sítíárìn ṣe. Méjì ni mo ti rà. Ọ̀kan wà nínú ọkọ̀ báyìí. Èkejì wà nínú agolo mílíìkì lábẹ́ tábìlì, òun àti òkú servo méjì (servo ni mọ́tọ̀ kékeré tó ń yí táyà iwájú). Ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ, àmọ́ mo máa gbìyànjú kí n má ṣègbè.

Kí á kọ́kọ́ yọ àwọn tí kò kàn kúrò. Bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ yín bá ń gba agbára, ẹ fi owó gyro jẹun, ẹ lè wà á níbùú láìsí i. Àwọn tí ẹ̀yìn nìkan ń tì, bíi Yokomo YD-2, MST RMX, tàbí Sakura D5 tí èmi ń lò, ni gyro di dandan fún. Ìdí ọkọ̀ máa ń yọ kí ìka yín tó rántí pé ó yẹ kí ẹ ṣẹ́wọ́. Gyro ló ń gbọ́ ọ lára kí ojú yín tó rí i, òun ló sì ń darí táyà iwájú síhà ibi tí ìdí ń sá lọ.

Onískúrù ni mo pe àwọn kékeré olówó pọ́ọ́kú tó ní ihò méjì tàbí mẹ́ta lórí, tí ẹ ó máa fi skudíráfà tín-ín-rín yí. Èyí tí mo rà kò tilẹ̀ ní orúkọ lára. Olójú ni èyí tó ní ojú kékeré tó ń tàn, tí orúkọ ohun tí ẹ ń tún ṣe máa ń hàn níbẹ̀. Tèmi ni Futaba GYD550, àlòkù ni mo rà á, lọ́wọ́ ẹnì kan tí ìyàwó rẹ̀ ní eré náà ti tó. Oríṣi kẹta wà, tí gyro wà nínú receiver (ohun tó ń gba ọ̀rọ̀ rìmóòtù nínú ọkọ̀) fúnra rẹ̀, bíi X6FG ti DumboRC. Ọ̀rẹ́ mi kan ní in, mo ti fọwọ́ kàn án. Ó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tí ọ̀kan bá bàjẹ́, méjèèjì lẹ ó pààrọ̀.

Ní ti owó: iye tí wọ́n ń ta olójú tuntun kan á ra onískúrù mẹ́rin, ṣẹ́ńjì á sì kù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ lórí rẹ̀. Ní ti ìwọ̀n: méjèèjì fúyẹ́. Ẹni tó bá ń jà nítorí gíráàmù méjì, kó kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀.

Òpin sítíárìn: ibi tí owó mi wọlẹ̀ sí

Bí ẹ bá máa fo gbogbo ìyókù, ẹ má fo ibí yìí.

Ọkọ̀ drift máa ń ṣẹ́wọ́ ju ọkọ̀ eré yòókù lọ. Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ dópin, irin tó di táyà mú á sún mọ́ apá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ débi pé ó kù fẹ́ẹ́ kó kàn án. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ inú rìmóòtù lọ, ká sọ fún un pé: ibí ni kó o dé, má kọjá. EPA ni wọ́n ń pè é lára ọ̀pọ̀ rìmóòtù. Mo ṣe é. Mo ṣe tòsì, mo ṣe tọ̀tún, ọkàn mi balẹ̀.

Ohun tí n kò rò ni pé àárín receiver àti servo ni gyro jókòó sí. Rìmóòtù ti sọ tirẹ̀ tán kí ọ̀rọ̀ tó kan gyro. Ká ní rìmóòtù ní kí servo dúró sí 100. Gyro yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ìdí ọkọ̀ ṣì ń yọ, ó sì fi 20 tirẹ̀ lé e. 120 ló dé ọ̀dọ̀ servo. Servo kò mọ̀ pé irin ti kan irin. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Ó ń tì, ó ń tì, iná ń wọlé, kò sì sí ohun tí iná náà ń dà ju ooru lọ.

Servo àkọ́kọ́ kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lórí sìmẹ́ńtì ilé epo kan tí wọ́n ti pa tì lójú ọ̀nà Ọ̀mùò. A gbé táyà tírélà kan sílẹ̀, ọkọ̀ ń yí i po, ó dùn ún wò. Mo gbọ́ ohùn kan bíi ti ẹ̀fọn tó há sínú ìgò. N kò kà á sí. Kò pẹ́ tí òórùn jáde, bíi ti ọ̀rá tó kan áyọ́ọ̀nù, táyà iwájú ṣẹ́ sósì, kò padà mọ́. Nígbà tí mo tú servo náà, n kò lè dì í mú lọ́wọ́, ńṣe ni mò ń jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná.

Mo pe ẹni tó tà á. Mo sọ̀rọ̀ sí i. Mo ní ayédèrú ló gbé fún mi, òun sì ń bẹ̀, ó ń bẹ̀, títí tó fi dín owó èkejì kù fún mi. Wébíìlì láti Èkó, ọjọ́ mẹ́rin kó tó dé gáréèjì Kàbà. Èkejì náà kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi gba ọ̀nà tí àkọ́kọ́ gbà. Ọkùnrin yẹn kò ṣẹ̀ mí rárá. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò tún dín owó nǹkan kan kù fún mi láti ìgbà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún inverter ṣe nítòsí ọjà ló là mí lójú. Kò fọwọ́ kan ọkọ̀ eré rí. Ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè, ó ní kí n ṣẹ́wọ́ dópin sọ́tùn-ún kí n má sì jù ú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi orí ọkọ̀ náà yí fìrì sósì nínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀fọn inú ìgò bá ké. "O gbọ́ ọ?" Mo ní mo gbọ́ ọ, sà. "Ìwọ lo ní kó máa tì í bẹ́ẹ̀?" Mo ní rárá. Ó da ọkọ̀ padà fún mi, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Onískúrù tèmi kò ní ibì kankan tí èèyàn ti lè fi òpin fún un. Díẹ̀ lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní in, ọ̀pọ̀ kò ní in. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè kí ẹ tó sanwó, bó bá sì dá yín lóhùn pé "ó ní ohun gbogbo", ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ya àwòrán ibi tó wà fún yín. Olójú ní in, tòsì lọ́tọ̀, tọ̀tún lọ́tọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé: mo á gbé ọkọ̀ lé orí agolo kí táyà má kanlẹ̀, mo á fi káàdì rìchájì kan sáàárín irin táyà àti ibi tó máa kàn, mo á wá máa sún òpin gyro díẹ̀díẹ̀ títí káàdì yóò fi fẹ́ há, síbẹ̀ tó ṣì ṣeé fà yọ. Ó tán. Kí rìmóòtù sọ ohun tó bá wù ú, kí gyro bu tirẹ̀ lé e, servo kò ní kọjá ibẹ̀.

Ẹni tó ti ra onískúrù tán kò gbọdọ̀ jù ú nù o. Ẹ dín EPA kù dáadáa kí àyè wà fún ohun tí gyro máa bù kún un, tàbí kí ẹ yí irin tó so servo mọ́ táyà bọ inú ihò tó túbọ̀ sún mọ́ àárín apá servo. Ọkọ̀ kò ní ṣẹ́wọ́ tó bó ṣe yẹ mọ́. Ṣùgbọ́n servo á pẹ́ láyé.

Irú servo

Servo analog ń retí ọ̀rọ̀ ní nǹkan bí ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ digital lè gba 333. Bí gyro bá ń ké sí analog ní 333, kò ní pẹ́ tó máa jóná. Lórí olójú, ẹ ó rí irú servo tí ẹ yàn kà. Lórí onískúrù tèmi, swíìṣì kan tí kò ju hóró ata lọ ni, ọ̀rá ni wọ́n sì fi we ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀, ní èdè tí n kò gbọ́.

Gain

Gain ni bí gyro ṣe ń dá sí sítíárìn lágbára tó. Níbí yìí ni onískúrù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì. Ẹ máa gbé e sókè títí táyà iwájú yóò fi máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú nígbà tí ọkọ̀ ń lọ tààrà, kí ẹ wá dá a sẹ́yìn díẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ń di táyà mú ló ti máa ń tètè gbọ̀n, nítorí náà ohun tí ẹ tò lórí táìlì gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kò ní bá sìmẹ́ńtì ilé epo mu. Ẹ wá èyí tó ní okùn kejì tó ń wọ channel 3 (ihò kẹta) lára receiver, kí ẹ lè máa tún gain ṣe láti ọwọ́ yín. Àwọn onískúrù kan ní in. Èyí tí kò bá ní in, gbogbo ìgbà lẹ ó máa ṣí bọ́dì, tí ẹ ó máa fi skudíráfà wá ihò nínú oòrùn. Bí ó bá wá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, eruku pupa ti débẹ̀ ṣáájú yín.

Bí ẹ bá rí AVCS, ọ̀nà kan tí gyro lè gbà ṣiṣẹ́, lára èyíkéyìí, ẹ pa á. Ìrù hẹlikópítà ni nǹkan yẹn bá mu jù: ó máa ń fẹ́ di igun ọkọ̀ mú fúnra rẹ̀, ẹ̀yin àti òun á wá máa ja ìjà sítíárìn.

Ooru

Gyro máa ń kọ́ ibi tí òdo wà, ìyẹn bí ó ṣe rí nígbà tí ọkọ̀ kò yí rárá, nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀. Kí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kàn án. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé e sókè láàárín ìgbà yẹn lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ bá mi gbé e dé ojú pápá. Odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni a fi ń wá ohun tó ń fa ọkọ̀ sósì, tí a tú èyí, tí a de tọ̀hún, kó tó jẹ́wọ́.

Ó tún kù. Bí ooru ara gyro bá yí padà lẹ́yìn tó ti kọ́ òdo, òdo náà á máa yẹ̀. Ní Lọ́kọ́jà a tan onískúrù lábẹ́ ibòji máńgòrò, a wá gbé e sórí kọnkéré tó gbóná bí agbada àkàrà. Bátìrì kò tíì dé ìdajì tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sọ́tùn-ún. A pa á, a tún un tàn lójú oòrùn níbẹ̀, ó tọ́. Olójú kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Òótọ́ ni pé Kàbà nìkan ni mo ti lò ó, Kàbà kò sì gbóná tó Lọ́kọ́jà.

Títò rẹ̀ sínú ọkọ̀

Kò sí ìyàtọ̀ nínú méjèèjì. Ẹ fi téèpù olójú méjì tó nípọn bíi fóòmù lẹ̀ ẹ́, kí ó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ó jìnnà sí mọ́tọ̀ àti ESC (ohun tó ń pín iná fún mọ́tọ̀), kí okùn rẹ̀ má sì le tantan, nítorí okùn tó le á máa gbé gbígbọ̀n ọkọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́ o.

Lẹ́yìn náà, ìhà. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé rìmóòtù ń ṣẹ́wọ́ síbi tó yẹ, kí ẹ tó kan gyro. Ẹ wá gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ yí imú rẹ̀ sósì. Táyà iwájú gbọ́dọ̀ yà sọ́tùn-ún, bí ẹni pé ògiri tó ń wò tẹ́lẹ̀ ni kò fẹ́ mójú kúrò lára rẹ̀. Tó bá yà sósì, ìhà gyro lẹ ó yí padà, kì í ṣe ti rìmóòtù. Ẹni tó bá yí ti rìmóòtù, ọkọ̀ rẹ̀ á máa pòyì bí òkòtó, á sì máa sọ pé gyro kò dáa.

Ìdájọ́

Mo ní mi ò ní ṣègbè. Bí ẹ bá ń dán eré yìí wò, tí ẹ kò mọ̀ bóyá ẹ ó ṣì máa ṣe é lẹ́yìn ọdún iṣu tuntun, onískúrù tó yín, pàápàá èyí tó ní okùn channel 3, tí ẹ bá sì dín EPA kù bí mo ṣe wí. Bí apá yín bá ká olójú, ẹ ra olójú. Bí kò bá ká a, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ wá àlòkù rẹ̀. Èmi ti ṣírò tèmi: onískúrù kan, servo méjì, wébíìlì lẹ́ẹ̀mejì, ó ju owó tí mo fi ra àlòkù GYD550 lọ, n kò tíì ka ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ dúró sílé mọ́ ọn.

Onískúrù mi ṣì ń ṣiṣẹ́ o, kò bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá mú un ní Kàbà, mo á fi agolo mílíìkì rẹ̀ kún un. Kó mú servo tirẹ̀ dání.