Ohun èlò àgbẹ̀dẹ fún olùbẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́: èyí tó yẹ ní rírà àti èyí tó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ lọ́jà

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ní Àkúrẹ́ lè gbà kó ohun èlò jọ. Ó lè ra tuntun ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò irin ní Ọjà Ọba. Ó lè ṣa àlòkù lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tó ń ra irin kọ́ndẹ́ǹ. Ó sì lè bẹ alágbẹ̀dẹ kó rọ ọ́ fún òun. A yẹ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Ìdájọ́ wa ni pé òòlù nìkan ló yẹ kí ẹ fi owó gidi rà ní tuntun. Ẹ̀mú, ti àgbẹ̀dẹ ló dára jù. Owú, ìyẹn irin tí a ń gbé irin gbígbóná lé láti lù ú, àti ààrò wà nínú àlòkù fún ẹni tó bá mọ ohun tó ń wá. Owó tó bá kù, èédú ni kí ẹ fi rà, nítorí ibi tí iná ti ń jó nìkan ni ọwọ́ ti ń mọ irin.

Òòlù: èyí tó tẹ̀wọ̀n kílò kan ni kí ẹ mú, kó má kọjá kílò kan àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ a máa gbé èyí tó tóbi jù nítorí wọ́n gbà pé agbára ló ń rọ irin. Òòlù tó bá wúwo ju apá ẹni lọ kì í balẹ̀ dọ́gba. Etí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ba irin, á sì fi ojú àpá sílẹ̀ níbẹ̀ tí fáìlì ò ní tètè pa rẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà máa ń ní ojú pẹrẹsẹ àti etí tó mú. Kí ẹ tó lò ó, ẹ fi fáìlì yọ etí náà yíká, kí ẹ sì jẹ́ kí àárín ojú rẹ̀ ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, lẹ́yìn náà kí ẹ fi bébà dídán kùn ún títí yóò fi máa dán. Àpá yòówù tó bá wà lójú òòlù yóò hàn lára gbogbo ohun tí ẹ bá rọ. Ẹ má ra òòlù kápẹ́ńtà fún iṣẹ́ yìí: ojú rẹ̀ kéré, ó sì le débi pé ègé rẹ̀ lè ta kúrò bí ó bá ṣèèṣì lu owú. Èèkù igi dára ju ti rọ́bà lọ, nítorí ooru ààrò máa ń rọ rọ́bà. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ èèkù, igi gúáfà tó ti gbẹ dáadáa kò burú. Ẹ rí i pé ìlà ara igi náà lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ yóò kán.

Owú ni owó máa ń ṣòfò sí jù. Àwọn kékeré tí wọ́n ń tà ní tuntun, tí wọ́n ní ìwo lápá kan, tí wọ́n sì fi ọ̀dà kùn, irin dídà, èyí tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì dà kó tó dì, ni púpọ̀ nínú wọn. Irin dídà a máa fọ́ létí, a sì máa jìn níbi tí òòlù bá ti ń bà á. Agbára tí apá yín lò a rì sínú rẹ̀ dípò kó ta òòlù padà sókè, bẹ́ẹ̀ ni àárẹ̀ ṣe ń tètè mú olùbẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń dán owú wò nìyí: ẹ tọrọ bọ́ọ̀lù inú bẹ́ríǹ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, èyí tó fẹ̀ tó ìǹṣì kan. Ẹ gbé rúlà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ owú, kí ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù já bọ́ láti 25 sẹ̀ǹtímítà. Owú tó dára yóò ta á padà sókè tó 18 sẹ̀ǹtímítà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá dé ìdajì, ẹ dá a padà fún onísọ̀. Ẹ dán àárín àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wò, nítorí ibì kan lè le kí ibòmíràn rọ̀.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ wá ègé irin rélùwéè. Rélùwéè kò gba Àkúrẹ́ kọjá, nítorí náà ibòmíràn ni èyí tí ẹ bá rí níbí ti wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè orísun rẹ̀ kí ẹ má baà ra ohun tí wọ́n jí hú lójú irin. Bí ẹ bá rí èyí tó mọ́, ẹ gbé e dúró lóòró, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ: bó bá dúró, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ló wà lábẹ́ òòlù.

Ohun tí a yàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni orí òòlù ńlá tí àwọn tó ń fọ́ òkúta ń lò, èyí tó tó kílò mẹ́rin àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò sórí kùkùté igi líle, kí ẹ rì í bọ̀ ọ́ dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, kó fún pinpin láìmì. Owú àwọn baba wa kò ní ìwo, irin tí wọ́n rì mọ́ igi tàbí ilẹ̀ ni, orí rẹ̀ sì ni wọ́n ti rọ ọkọ́ àti àdá tó bọ́ ìlú. Gíga rẹ̀ ṣe pàtàkì: ẹ dúró, ẹ di ọwọ́ ní ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ jẹ́ kó rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ibi tí oríkèé ìka bá dé ni kí ojú owú wà. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀yìn á máa dùn yín. Bó bá ga jù, èjìká ni.

Ààrò kò gba owó púpọ̀. Rímù ọkọ̀ àlòkù kan, páìpù dúdú oníǹṣì méjì tí atẹ́gùn yóò gbà wọlé, àti àwo irin tó nípọn tí ẹ lu ihò bíi mẹ́wàá sí, ihò kọ̀ọ̀kan 8 mìlímítà. Ẹ fi amọ̀ tí ẹ pò mọ́ iyanrìn rẹ́ inú rímù náà, kó nípọn tó 3 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì fi sí ibòji títí yóò fi gbẹ. Iná kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ dá sí i. Ẹni tó bá kánjú dá iná ńlá sórí amọ̀ tútù yóò rí i kó máa là, kó sì máa ta pàrà. Ẹ fi ẹnu kan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ páìpù tí ẹ ó máa gba ibẹ̀ da eérú nù. Páìpù tí wọ́n fi síńkì bò kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iná. A ó sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ní ti ẹwìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí iná, ẹwìrì awọ ewúrẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa fín in, awọ náà sì ń là bí kò bá rí epo. Fáànù oníná mànàmáná rọrùn, àmọ́ bí iná bá lọ nígbà tí irin ti ń sún mọ́ àwọ̀ tó yẹ, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé kì í dá atẹ́gùn dúró nígbà tí ẹ ń rọ irin lórí owú, èédú á máa jó lásán. Bí ẹ bá lò ó, ẹ fi ìlẹ̀kùn kékeré sẹ́nu páìpù láti máa dín atẹ́gùn kù. Fáànù tí wọ́n fi ọwọ́ yí nípa táyà kẹ̀kẹ́ ológeere ni a fọwọ́ sí fún olùbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kan tó o, atẹ́gùn rẹ̀ sì ń dúró nígbà tí ọwọ́ bá dúró.

Ẹ má ra ẹ̀mú lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀pá irin tó gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà kò nílò ẹ̀mú rárá, ẹ̀yìn rẹ̀ tó tutù ni ẹ ó dì mú. Tó bá tó àkókò, ẹ gbé irin tí ẹ fẹ́ máa rọ lọ bá alágbẹ̀dẹ ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, kó rọ ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ bá irin náà mu gẹ́lẹ́. Ẹ̀mú ọjà sábà máa ń fi ṣóńṣó ẹnu nìkan di irin mú, irin gbígbóná á sì fò kúrò. Ẹ yẹ ẹ wò báyìí: bó bá di irin mú, kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì fara kàn án dọ́gba, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣí níwọ̀n tí àtẹ́lẹwọ́ kan lè ká.

Èédú tí a fi ń se oúnjẹ náà ni. Ti igi líle ni kí ẹ rà, bí apá tàbí àyìn. Ẹ fi ègé méjì lu ara wọn: èyí tó dára a máa ró gooro, ojú ibi tó ti ṣẹ́ a sì máa dán. Èyí tó bá ní àwọ̀ igi nínú kò jóná tán, èéfín ni yóò fún yín. Ẹ fọ́ ọ sí ègé 3 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ jọ lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kúrò nítorí ó ń dí ihò atẹ́gùn. Èèpo èkùrọ́ wọ́pọ̀ lágbègbè wa, ó sì gbóná gan-an. Ẹ pò ó mọ́ èédú, nítorí òun nìkan tètè ń jó tán. Èédú pupa gbọ́dọ̀ nípọn tó 10 sẹ̀ǹtímítà lábẹ́ irin. Bí irin bá sún mọ́ ẹnu atẹ́gùn jù, èépá dúdú ni yóò bò ó, kò ní gbóná bó ṣe yẹ.

Irin tí ẹ ó fi kọ́ṣẹ́ ni rọ́ọ̀dù 10 mìlímítà tó dán. Sípíríǹgì pẹrẹsẹ abẹ́ ọkọ̀ dára fún ọ̀bẹ àti àdá, ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ó le lábẹ́ òòlù, àlòkù rẹ̀ sì lè ti sán níbi tí ojú kò rí. Páànù, páìpù omi àti bóòtù tó ń dán fún síńkì kò gbọ́dọ̀ dé inú ààrò. Èéfín funfun síńkì a máa fa ibà, òtútù àti ikọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a dámọ̀ràn ni ìkọ́ ìfiǹǹkankọ́. Ẹ ki orí rọ́ọ̀dù bọ iná dé 8 sẹ̀ǹtímítà títí yóò fi ní àwọ̀ ọsàn tó ń lọ sí yẹ́lò. Ẹ ṣe é ní onígun mẹ́rin kọ́kọ́, kó máa tín-ín-rín lọ sí ṣóńṣó, kí ẹ máa yí i sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn lílù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lu igun mẹ́rin náà kó di mẹ́jọ, kí ẹ tó wá ṣe é róbótó. Ẹni tó bá fò lọ sí róbótó lójú ẹsẹ̀, inú irin náà máa ń là. Bí àwọ̀ bá ti di pupa ṣíṣókùnkùn, ẹ dẹ́kun lílù, ẹ dá a padà sínú iná. Irin tó ti ń tutù ni òòlù máa ń sán. Bí ó bá sì ń ta pàrà bí iṣáná, ó ti jóná nìyẹn, ẹ gé ibẹ̀ kúrò. Ẹ rọ ìkọ́ mẹ́wàá kí ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìgbà tí wọ́n bá gùn dọ́gba ni ẹ lè fọwọ́ kan sípíríǹgì.

Ọ̀bẹ sípíríǹgì, òróró ni a ń rì í bọ̀ nígbà tó bá gbóná kó lè le; omi yóò là á. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì wò ó: nígbà tí kò bá fà á mọ́, ó ti tó bíi 770 dígíríì. Ẹ jẹ́ kó pọ́n díẹ̀ sí i, kí ẹ wá rì í bọ òróró tí ẹ ti mú lọ́wọ́ọ́rọ́, nínú agolo irin tó ní ìdérí. Kò tíì ṣeé lò o, gíláàsì ló jọ, bó bá já bọ́ á fọ́. Ẹ gbé e sínú òfíìnì 200 dígíríì fún wákàtí méjì kí líle rẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀. Àdá, tó ń bá kùkùté àti òkúta pàdé lóko kòkó, gbọ́dọ̀ rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní bíi 300 dígíríì, níbi tí ojú rẹ̀ tó dán yóò ti di búlúù.

Awò ojú tó funfun, aṣọ òwú, bàtà awọ. Ẹ má wọ aṣọ náílọ́ọ̀nù, ó máa ń yọ́ mọ́ ara. Ibi tí ẹ ó ti máa ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ èédú tí kò ní òórùn ń pani. Bí iná bá jó yín, omi tó mọ́ tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú ni. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í sì í ṣe ẹyin.

Ẹ lọ jókòó ní àgbẹ̀dẹ kan kí ẹ tó ná owó púpọ̀. Ẹ kí bàbá tó ni ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ tọrọ àyè láti máa fín ẹwìrì. Ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ ń kó àdá wá tún ṣe ṣáájú ìkórè kòkó ló dára jù láti lọ, nítorí irú iṣẹ́ kan náà ni wọn ó máa ṣe láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ojú yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lára àwọ̀ irin nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́ nínú iná, àti ìgbà tí ọ̀gá bá dẹ́kun lílù.